Àkọsílẹ̀ Ọjọ́rú: etí ṣáájú, ìka tẹ̀ lé e

Ní kíláàsì wa tí a ti ń kọ́ ọmọdé ní èdè Ṣáínà, iṣẹ́ ohùn ló gba gbogbo àárọ̀ òní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó bá wá kọ́ èdè Ṣáínà ti gbé etí tó mọ ohùn wá láti ilé. Àwọn olùkọ́ kan rò pé etí yẹn ti tó. Kò tó o. Dò, re, mí tiwa, ojú kan ni wọ́n sábà ń dúró sí. Nínú ohùn mẹ́rin Mandarin, èdè Ṣáínà tí à ń kọ́ wọn, ti àkọ́kọ́ nìkan ló dúró gbọin lókè: mā, ìyá. Ìkejì, má, ń gòkè. Ìkẹta, mǎ, tó jẹ́ ẹṣin, ń rì sísàlẹ̀. Ìkẹrin, mà, ń já bọ́ láti òkè. Bí a bá fi ọmọ sílẹ̀, á sọ ìkejì di mí, á sọ ìkẹrin di dò.

Ẹnu wa náà ni oògùn rẹ̀ wà. Ẹ sọ "ìlú" kí ẹ fetí sí ìparí rẹ̀ dáadáa: "lú" ń gùnkè ni, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá sọ "wárà": "rà" ń yọ̀ bọ̀ láti orí "wá". Láti ibẹ̀ ni kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ohùn kejì àti ìkẹrin, kó máa fi ọwọ́ ya ọ̀nà ohùn náà bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má ni ín lára lórí ìkẹta. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ geere, kì í sábà ju ohùn ìsàlẹ̀ lásán lọ. Bí ìkẹta méjì bá sì pàdé, ti iwájú á di ìkejì, ìdí nìyẹn tí nǐ hǎo fi ń dún bíi ní hǎo. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò nílò àlàyé yìí. Kí olùkọ́ ṣáà máa kí i dáadáa láràárọ̀.

Pinyin, ìlànà fífi lẹ́tà a-b-d kọ èdè Ṣáínà, tí Ṣáínà fọwọ́ sí ní 1958, ṣì wà nínú àpótí. Ọmọ tó ti ń ka Yorùbá á ka p inú píngguǒ bíi p inú pápá, ẹnu rẹ̀ á sì mọ́ ọn.

Pákó tí wọ́n lẹ bébà oníyanrìn káfíńtà mọ́ ni ọmọ fi ń kọ́ àmì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ̀wé. Nọ́ńbà 120 dára; 60 ń họ ìka, ọmọ kò sì ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ gé ilà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi àmì pupa kékeré sí ibi tí ìka ti ń bẹ̀rẹ̀. Láìsí ìyẹn, 口 (ẹnu) á di o tí a yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilà mẹ́ta ni: òsì wálẹ̀, òkè lọ sí ọ̀tún kó sì wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó ti ìsàlẹ̀ pa. Gọ́ọ̀mù oníbàtà ni kí ẹ lò, torí gọ́ọ̀mù funfun máa ń ṣí létí lásìkò òjò.

Pákó mẹ́ta péré ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan: 山 (shān, òkè), 水 (shuǐ, omi), 人 (rén, ènìyàn). Ojú wọn yàtọ̀, ohùn wọn náà yàtọ̀. 大 kò gbọdọ̀ bá 人 jáde, bẹ́ẹ̀ ni 目 kò gbọdọ̀ bá 日, torí wọ́n jọra wọn. Ẹ̀kọ́ onípele mẹ́ta tí Maria Montessori, olùkọ́ àwọn ọmọdé ará Ítálì, gbà lọ́wọ́ Séguin, dókítà ará Faransé, là ń tẹ̀ lé: "Shān nìyí." "Gbé shān sórí àga." "Kí nìyí?" Ipele kejì ló yẹ kó gùn jù, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ọ ní tòótọ́, ìkẹta, ìdánwò lásán ni. Olùkọ́ tó bá sáré débẹ̀ á bá ọmọ tó dákẹ́. Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ má sọ pé kì í ṣe ìyẹn. Ẹ padà sí ipele àkọ́kọ́, tàbí kó di ọ̀la.

Òǹkà rọrùn ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ. Shí ni 10, wǔ ni 5, shíwǔ ni 15. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá tí a sín pọ̀ àti ẹyọ márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gba inú ẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ síbẹ̀, torí ogún ni tiwa ti ń yọ márùn-ún. Ìlẹ̀kẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Igi ìjẹun Ṣáínà: òwú ni kí ọmọ kọ́kọ́ fi gbé láti abọ́ kan sí èkejì, lẹ́yìn náà ẹ̀pà, ẹ̀wà gbẹ̀yìn. Ẹ̀wà ń yọ̀. Bó bá jẹ́ òun ló ṣáájú, ọmọ á gún igi mọ́ ọn bíi fọ́ọ̀kì. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi igi náà lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, lójú ọmọ, láìsọ̀rọ̀. A kì í fi gún ìrẹsì lóòró, nítorí bẹ́ẹ̀ ni tùràrí tí wọ́n ń sun fún òkú ṣe ń rí.