Kòkó, dọ́là àti ìbò 2027

Bí ìbò bá ti ń kanlẹ̀kùn, "ta ló máa wọlé?" ló ń gba ẹnu gbogbo èèyàn ní Lágèrè, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá wà nínú kòkó, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ló yẹ kó máa ṣọ́, kó tó wo pósítà ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan lágbàáyé, ẹ fi iye dọ́là sí náírà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 1,000. Ohun tí kílò kan jẹ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá $12,000. Bí a bá ka dọ́là sí ₦1,500, ₦18,000 ni kílò kan. Nígbà tí 2025 fi ń parí lọ, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì: ₦9,000. Inú rẹ̀ ni owó ọkọ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó tàbí Ọ̀ṣú, owó àpò àti èrè àwọn alágbàtà yóò ti jáde. Bí omi inú kòkó bá tún ju ìdá 8 nínú 100 lọ, wọ́n á gé lára ìwọ̀n, torí kòkó tí kò gbẹ máa ń bu nínú àpò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: èyí tó gbẹ á ké lọ́wọ́ yín, èyí tí kò gbẹ á dákẹ́.

Gbèsè ló ń pa àgbẹ̀. Ẹni tó yáwó lórí ₦18,000 kò rí nǹkan san án nígbà tó di ₦9,000. Èlé kò sì bá kòkó já: Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024, ó di oṣù Kẹsàn-án 2025 kí wọ́n tó bù ú kù sí 27%. Báńkì tó máa yá yín lówó á tún lé tirẹ̀ lé e.

Ìbò wá ńkọ́? Kò sí ìjọba tó fẹ́ kí náírà já kí wọ́n tó dìbò. Lẹ́yìn ìbò ni okùn máa ń tú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tó wà nítòsí ₦470 kọjá ₦700 kí oṣù Keje tó parí. Àgbẹ̀ kòkó jèrè, tíṣà tó ń ra gáàrì ní ọjà Odò-Ogbè jìyà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye dọ́là tòní ṣàdéhùn ọjà tí ẹ máa kó lẹ́yìn ìbò.

  

Ọ̀ṣun kò sí lápò ẹnikẹ́ni. Nínú ìbò ààrẹ 2023, Atiku ní ìbò 354,366 níbí, Tinubu ní 343,945. Ní 2018, ìbò 353 péré ló wà láàárín àwọn méjì tó ṣáájú nínú ìbò gómìnà kí wọ́n tó tún un dì ní ibùdó 7, tí Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀ wà lára wọn. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò ní Iléṣà lọ́tẹ̀ yìí, ẹ mú un lọ wo kòtò àwọn awakùsà góòlù nínú oko kòkó Àtàkúnmọ̀sà, kí ẹ bi í pé ọdún wo ni yóò dí i.