Ìwọ̀n la bá wá sí Ìbàdàn: ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ tó ń kó ọmọ pírámárì 5 lọ sí àgọ́ sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíláàsì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò pè yín pé kí ẹ kó ọmọ ogójì lọ sí ìlú ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ sáyẹ́ǹsì bọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ló yá jù fún ilé ìwé tó wà ní apá Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí olùkọ́ to ibi mẹ́fà mọ́ ọjọ́ kan. Inú bọ́ọ̀sì, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ni gbogbo ọjọ́ náà máa parí sí. Ibi méjì lóòjọ́ tó. Níbikíbi tí ẹ bá sì dé, ẹ fún ọmọ ní ohun tí yóò wọ̀n, tí yóò kà tàbí tí yóò pò. Èyí tó kàn ń wòran, kó tó délé ló ti gbàgbé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ̀ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó ológun tó kọ́kọ́ ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 18, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ọ́ fún wọn. Kí kálukú kọ iye tó rò sínú ìwé rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọ̀pá mítà kan ró ṣánṣán, kí wọ́n wọn òjìji rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan náà, kí àwọn yòókù fi tépù wọn òjìji ilé náà. Òjìji ọ̀pá ni ẹ ó fi pín òjìji ilé. Bí ti ọ̀pá bá jẹ́ mítà 0.8, tí ti ilé jẹ́ mítà 14.4, ìdáhùn á jẹ́ mítà 18.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ní Ìbàdàn, nǹkan bíi aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni oòrùn máa ń ga jù lọ, kì í ṣe aago méjìlá géérégé. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àtàrí gan-an ló máa ń wà lákòókò yẹn, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ẹ ṣe é ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tàbí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Èkejì, orí òkè lẹ wà: bí òjìji bá ṣubú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó máa gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìdáhùn á sì ga jù. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà ṣáájú, kí ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú. Ẹ̀kẹta ni pé ara ògiri ni ọmọ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn, bẹ́ẹ̀ àárín ilé ni òjìji ṣóńṣó ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi ìdajì ìbú ilé náà kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣì í o, kí ìdáhùn kéré, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn wá ibi tí ìyókù wà.

Cocoa House ní Dùgbẹ̀ kò ṣeé fi òjìji wọ̀n, torí títì àti ìsọ̀ ni òjìji rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ìwé pélébé ni kí ẹ lò. Ẹ ká ìwé tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba láti igun dé igun, yóò di igun mẹ́ta tó ní digírí 45. Ẹ so òwú mọ́ òkè ọ̀kan nínú etí kúkúrú méjèèjì, kí nóòtì irin kékeré rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀; bí òwú bá tẹ̀ lé etí náà, ìwé dúró ṣánṣán nìyẹn. Ọmọ á gbé e sójú, á sì máa sún sẹ́yìn, pẹ̀lú àgbàlagbà tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, títí etí gígùn ìwé náà yóò fi kan orí ilé. Bí ibi tó dúró ṣe jìnnà sí ilé tó, kí ó fi gíga ojú ara rẹ̀ kún un, gíga ilé nìyẹn. Wọ́n parí Cocoa House ní 1965, àjà 26 ló ní, ó sì ga tó mítà 105, nítorí náà nǹkan bíi mítà 104 ni ọmọ máa dúró sí. Òwú yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Bí ìwé bá fi digírí 5 péré yẹ̀, ìdáhùn lè fi nǹkan bíi mítà 20 lọ sókè. Ní pápá ilé ìwé, ṣáájú ìrìn àjò, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ka iye ìṣísẹ̀ rẹ̀ nínú mítà 20, torí tépù kò ní ṣeé tẹ́ ní Dùgbẹ̀.

Ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ pín ẹranko kan ṣoṣo fún àwùjọ kan. Kí wọ́n dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n máa fa ìlà fún iye ìgbà tó jẹun, tó rìn, tó họra. Ó tó.

Ti omi: ọmọ 40, lítà 1.5 fún ẹnì kan lóòjọ́, lítà 60 nìyẹn. Píọ̀ wọ́tà tó jẹ́ 50 cl yóò jẹ́ 120, báàgì 6 tó ní ogún-ogún nínú, láìka ti ẹ̀yin àgbà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra, òjò kò sì gbọdọ̀ pa á. Oògùn àfàsímú ọmọ tó ní ikọ́ fée, ọwọ́ àgbàlagbà tó ń ṣọ́ àwùjọ rẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe nínú ẹrù tó wà lórí bọ́ọ̀sì. Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́jọ. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n máa pè é tẹ̀ lé ara wọn kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé gbogbo yín ti pé?” Ariwo “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ máa gbọ́, ẹnì kan á sì wà nílé ìtọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ní ibi tí ẹ máa sùn, ẹ gbé iṣẹ́ sóbò kalẹ̀: àwọ̀ sóbò máa ń yí bí a bá kán ohun kíkan tàbí ohun bíi káún àti eérú sí i. Kò sí iṣẹ́ tó kéré lówó tó sì kọ́ni tó yìí. Ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá pupa gbígbẹ kan, ife omi gbígbóná méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ti sè tà, torí ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú rẹ̀ á dabarú àwọ̀. Ẹ wá fi omi là á, ife kan sí mẹ́rin, títí tí ẹ ó fi rí ìka yín láti òdìkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti kùnà nìyí: sóbò tó ki dúdú jù, àwọ̀ rẹ̀ á yí, ojú kò ní rí i. Sóbò fúnra rẹ̀ kan, nítorí náà bó bá ki, káún púpọ̀ ni yóò gbà kó tó yí.

Ẹ to kọ́ọ̀bù funfun méje, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sóbò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ò ní gba ohunkóhun, òun la ó máa fi wé àwọn yòókù. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán ọsàn wẹ́wẹ́, omi ògì kíkan, omi iyọ̀, omi káún, omi eérú àti omi ọṣẹ dúdú sínú àwọn yòókù. Káún, ṣíbí tíì kan nínú ìdajì ife omi. Eérú, ṣíbí ìjẹun méjì nínú ife kan. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì sílẹ̀, omi òkè tó mọ́ nìkan ni kí ẹ fà. Ọsàn àti ògì máa pọ́n yòò. Iyọ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Káún á kọ́kọ́ dà bí aró, bó bá ń pọ̀ sí i á di àwọ̀ ewé. Eérú àti ọṣẹ dúdú á gba ọ̀nà kan náà. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni ìyá àgbà fi ń ṣe ọṣẹ dúdú.

Kọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ tí wọn ò ṣàn dáadáa á ti yí àwọ̀ kí ẹ tó kán ohunkóhun. Omi eérú máa ń ta ojú gidigidi, nítorí náà olùkọ́ ni kó máa fà á. Sóbò tún jẹ́ ohun mímu, ọmọ á fẹ́ tọ́ ọ wò: ohunkóhun lórí tábìlì yẹn kò gbọdọ̀ kan ẹnu, kí ẹ gbé ti mímu síbòmíràn. Ẹ má da kọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn nù lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó jẹ́ àwọ̀ ewé á ti ń pọ́n bí omi iyeyè, èyí tó ní ọsàn á sì wà bó ṣe wà. Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ fọ ẹnu.