Orí tí wọn kì í pàtẹ ní Te Papa

Orí mi wú nígbà tí mo wọ Te Hau ki Tūranga, ilé ìpàdé àwọn Máórì, àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, tó wà ní Te Papa, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ náà, ní Wellington. Raharuhi Rukupo ló ṣe olórí àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ní 1867 ni ìjọba gbé e lọ mọ́ àwọn Rongowhakaata, ẹ̀yà Máórì tó ni ín, lọ́wọ́. Ìkarahun tí wọ́n fi ṣe ojú àwọn ère inú rẹ̀ ń dán gbinrin.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí toi moko níbẹ̀, ìyẹn orí àwọn baba ńlá tí wọ́n fín lójú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, òkú olókùú kì í ṣe ohun ìran. Láti 2003 ni Te Papa ti ń wá wọn káàkiri ayé. Ilẹ̀ Faransé dá 20 padà ní 2012. Ẹ̀yin tó ṣì mú wọn dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n relé.