Ohun tí Àyẹ̀wò Ogún Ìgò Kò Lè Sọ fún Wa

Iṣẹ́ mi ni láti rí i dájú pé kòkòrò àìfojúrí kankan kò sí nínú abẹ́rẹ́ àti omi dríìpù tí wọ́n ń fà sí aláìsàn níṣan. Àwọn ènìyàn sábà máa ń bi mí pé ṣebí a máa ń yẹ òògùn wò kí ó tó jáde. A ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹ mọ ibi tí agbára àyẹ̀wò náà mọ.

A máa ń mú ìgò díẹ̀ nínú gbogbo èyí tí a jọ sè láti pa kòkòrò, a ó da òògùn inú wọn sínú oríṣi oúnjẹ kòkòrò méjì, a ó fi ọ̀kan sí ìwọ̀n ìgbóná 30 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èkejì sí 20 sí 25, a ó sì máa wò wọ́n fún ọjọ́ 14. Bí oúnjẹ náà bá rú bí omi ìdọ̀tí, tí kò mọ́ gaara mọ́, kòkòrò ti hù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀. Ká ní kòkòrò wà nínú ìgò kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì mú ogún ìgò fún àyẹ̀wò: bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 82 ni a kò ní bá ìgò tó bàjẹ́ pàdé rárá. Ojú lásán kò sì lè gbà wá, nítorí pé mílílítà omi kan lè ní 100,000 bakitéríà nínú kí ó ṣì mọ́ gaara.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1972 ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́. Ní ẹ̀ka Devonport ilé ìwòsàn ìlú náà, omi dextrose (omi ṣúgà) tí bakitéríà ti wọ̀ ni wọ́n fà sí àwọn aláìsàn lára, wọ́n sì so ikú ènìyàn márùn-ún mọ́ ọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Clothier, tí ìjọba gbé kalẹ̀, wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó hàn pé afẹ́fẹ́ ló há sí ìsàlẹ̀ autoclave, ẹ̀rọ tí a fi ń se òògùn láti pa kòkòrò, nígbà tí wọ́n ń se àwọn ìgò náà ní 1971. Oruku omi gbígbóná (steam) ló ń pa kòkòrò níbẹ̀: bí ó bá kan ìgò tó tutù, yóò padà di omi, yóò sì gbé gbogbo ìgbóná tó rù sílẹ̀ sí i lára. Afẹ́fẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ìgò ìsàlẹ̀ kò gbóná dé ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ tó ń kọ ìwọ̀n ìgbóná sórí ìwé ti fi àléébù náà hàn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ gbà pé ẹ̀rọ náà ló ń ṣe ségesège. Orí pẹpẹ òkè ni wọ́n sì ti mú ìgò tí wọ́n yẹ̀ wò. Ó yege.

Ibi yẹn ló máa ń dùn mí jù, pé ìwé tó sọ òótọ́ wà níwájú wọn.

Lónìí, ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ń béèrè pé kí ó má ju ìgò kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù kan tí kòkòrò lè ṣẹ́ kù sí. Kò sí iye ìgò tí ènìyàn lè yẹ̀ wò tí yóò fi irú èyí hàn; ọ̀nà tí a gbà se òògùn nìkan ló lè fi hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé Geobacillus stearothermophilus, kòkòrò tó máa ń fi èèpo líle bora, tí ooru kì í tètè pa, sí ibi tó ṣòro jù fún ooru láti dé nínú ẹ̀rọ. Bí ìṣẹ́jú 15 ní ìwọ̀n 121 bá pa òun, ọkàn wa balẹ̀ lórí àwọn tó kù.

Síbẹ̀, sísè kì í tún omi tó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀ ṣe. Àwọn bakitéríà kan wà tí ohun tó wà lára èèpo òkú wọn ṣì lè fa ibà líle bí ó bá wọ iṣan, autoclave kò sì lè pa á run. Nítorí náà, omi tí a ó fi po òògùn ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń po òògùn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìgbóná, kí n tó wo èsì ọjọ́ 14.