Kí ọkọ tàbí aya yín tó wọ wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ọkọ tàbí aya yín ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, tó sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ posting, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka nílé ìwòsàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bí ọkàn yín ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tó kan ọkọ mi, mo lẹ kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri, mo fi bírò pupa kọ aago tí yóò máa jáde àti aago tí yóò máa wọlé sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí mo fi já a kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ní aago tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ó ní láti débẹ̀ ṣáájú àwọn ọ̀gá, kó ti yẹ àwọn aláìsàn tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ wò, kó mọ bí wọ́n ṣe sùn mọ́jú, kó mọ èsì àyẹ̀wò wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ìdájí kùtùkùtù ni ọkọ mi ń jáde. Ìgbà tí yóò sì kúrò ní tíátà, iṣẹ́ abẹ tó ń lọ lọ́wọ́ ló máa sọ ọ́. Bó bá ní "màá dé ní aago méje," ohun tó wù ú ló ń sọ, kò bá yín dá àdéhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá ti kọjá kó tó wọlé. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ ìbínú mi sílẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ó ti sùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára okùn. Èmi ni mo tú bàtà kejì.

Àtìgbà náà ni mo ti jáwọ́ nínú dídúró dè é. Bí ebi bá ń pa mí, mo jẹun. Bí oorun bá ń kùn mí, mo sùn. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo tètè béèrè bí posting rẹ̀ ṣe tò tẹ̀ léra, kí n lè fi ètò ẹbí sí àwọn tó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìdánwò: bó bá tètè dé, ìwé náà ṣì ń dúró dè é.

Nǹkan méjì wà tí mi ò gbà fún un rárá. Èkíní, kò gbọdọ̀ wakọ̀ bó bá ń ti call òru, ìyẹn iṣẹ́ àṣemọ́jú nílé ìwòsàn, bọ̀ wálé. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀: ẹni tó lajú sílẹ̀ fún wákàtí 24, ara rẹ̀ kò jí pépé ju ti ẹni tí ọtí ń pa lọ. Èkejì ni abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún aláìsàn bá gún un, kó sọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Oògùn tí ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin gan-an, torí kọ́ńdọ̀mù ni ẹ ó máa lò títí dókítà yóò fi ní ó tó.

Èyí tó le jù lọ, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi dúró nídìí omi, ó ń fọ abọ́ kan ṣoṣo, kò fi í sílẹ̀. Mo bi í léèrè, kò dáhùn. Mo rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó wá ní, "Aláìsàn mi kan kú lónìí." Kò lè dárúkọ ẹni náà fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún ní, "Òun nìkan ló ń pè mí ní dókítà."

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa omi.