Iyanrìn yí padà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó 600 búlọ́ọ̀kù oní-9 ínṣì láti Odògbolú lọ sí sáìtì kan n'Íjẹ̀bú-Òde. Bàbá onílé fẹ́ kí ilé parí kí Ojúde Ọba tó dé, kí àwọn régberégbe ẹ̀ lè kóra jọ síbẹ̀.

Ẹnjiníà gbé ẹyọ kan, kò gbé e kọjá orúnkún, ó jù ú sílẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú. Ó gbé ìkejì, gààrí. Ó ní kémi náà gbé ìkẹta, etí ẹ̀ já sí mi lọ́wọ́, níwájú bíríkìlà, níwájú àwọn lẹ́bùrà. Bàbá ò tiẹ̀ pariwo, ká ní ó pariwo ni ì bá sàn. Ó kàn jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì, ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ yìí, ọmọ ta ni ẹ́?" Mi ò lè dáhùn.

Ẹ má rò pé mo jẹ símẹ́ǹtì o! Símẹ́ǹtì 42.5, èyí tó lágbára, ni mo ń lò, mi ò fi 32.5 tí agbára ẹ̀ kéré, tó wà fún rírẹ́ ilé, ṣe búlọ́ọ̀kù rí. Iyanrìn ni. Omi òjò ti bo ibi tí onítípà mi ti ń wa iyanrìn, ó ti lọ síbòmíì láti bí oṣù kan, ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì rèé, kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì di iyanrìn mú. Dírẹ́bà mọ̀. Ọmọ tó ń fi ṣọ́bìrì kó o mọ̀. Ẹnjiníà gan-an ti rí irú ẹ̀ ní sáìtì míì, ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún òmíì. Èmi náà ńkọ́? Iye búlọ́ọ̀kù tí mò ń rí nínú àpò kan, mi ò sọ fẹ́nì kan rí (mi ò sì ní sọ ọ́ níbí).

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹ bèèrè ibi tí iyanrìn ti wá, gbogbo típà, kódà kó jẹ́ àbúrò yín ló wà á.

Ìkejì, ìgò! Ẹ bu iyanrìn dé ìdajì ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì ín dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 3. Ẹrẹ̀ á jókòó sókè iyanrìn. Tó bá ju bí ìdá kan nínú méjìlá iyanrìn ọ̀hún lọ, ẹ dá típà padà.

Ìkẹta, tí nǹkan bá yí padà lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á kó tó débẹ̀.

Ìkẹrin, ìgò náà ni. Náírà mélòó ni ìgò?

Mo ti ṣe 600 míì fún bàbá, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Èmi, onítípà àti ẹnjiníà ti wà nínú gúrúùpù Wasáàpù kan báyìí. Láàárọ̀ yìí dírẹ́bà fi fọ́tò ìgò ránṣẹ́ kó tó gbéra, mi ò tiẹ̀ bèèrè. Nígbà tó dé, mo ṣì gbé ìgò tèmi jáde.