Aláìsàn ni wá o, ẹ yé pe ọlọ́pàá sí wa

Ládùúgbò wa níbí n'Ìkòròdú, tí orí ẹnì kan bá dà rú lóru, àwọn méjì kan náà làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ rántí, wòlíì àti ọlọ́pàá. Ti wòlíì, màá kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, torí ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Ti ọlọ́pàá ló ń dùn mí lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn ọpọlọ, ara mi yá dáadáa, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń sanwó ilé, àmọ́ mo mọ bí inú tẹ́ṣàn ṣe máa ń rí fún aláìsàn torí wọ́n ti gbé mi débẹ̀ rí, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, mi ò lu èèyàn, oorun ni ò kùn mí tí mo wá ń rìn káàkiri kọ́ńpáùnù tí mò ń sọ̀rọ̀ sókè.

Ọ̀pọ̀ ẹbí rò pé ọlọ́pàá á kàn bá wọn tọ́jú èèyàn wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni. Irọ́ ni o. Ẹni tó wà ní kántà ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó o bá ń pariwo á ní kó o dákẹ́, tó ò bá wá lè dákẹ́ á rò pé ò ń fojú di òun ni, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ ò mọ bó o ṣe máa dá ẹnu ẹ dúró. Wọ́n gba báàgì mi tòun ti oògùn tó wà nínú ẹ̀, wọ́n tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn gan-an ni mo nílò lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé, wọ́n ní kó mú owó béèlì wá, kó tún san owó epo mọ́tò tí wọ́n fi gbé mi. Ara ògiri tẹ́ṣàn yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ó ṣì ń bí mi nínú di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tètè lọ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ó pẹ́ gan-an kí n tó tún lè la ẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé oorun ti ń dá lójú mi o, pé ó jọ pé nǹkan yẹn ti ń bọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ tún pe àwọn yẹn. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Aláìsàn tó bá ń bẹ̀rù ọlọ́pàá á máa fi àìsàn ẹ̀ pa mọ́, ìgbà tó bá burú tán làwọn èèyàn á tó mọ̀, wọ́n á wá ní ṣé ẹ rí i, ó léwu, ẹ pe ọlọ́pàá.

Òfin náà sì ń tì wá lọ síbẹ̀. Abala 327 nínú Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lápá gúúsù, sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ ti ṣẹ̀, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 gbára. L'Èkó wọ́n ti yí tiwọn padà, òfin ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ ṣe ní 2011 ní kí kóòtù pàṣẹ kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ó sàn ju ẹ̀wọ̀n lọ, mo gbà, àmọ́ ẹ̀sùn náà ni wọ́n ṣì ń pè é, kóòtù ló ṣì ń pàṣẹ, ta ló sì fẹ́ gbé aláìsàn dé kóòtù bí kò ṣe ọlọ́pàá? Ní January 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó lé Lunacy Act ti 1958 lọ, èyí tí gbòǹgbò ẹ̀ ti wà látayé àwọn òyìnbó ní 1916. Inú mi dùn sí òfin tuntun yẹn torí ó ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan abala 327 yẹn rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé nǹkan ti dáa tán lókè òkun, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù England, SIM ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Serenity Integrated Mentoring. Wọ́n á mú ọlọ́pàá, wọ́n á fi sáàárín àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ, pàápàá àwọn tó máa ń pe áńbúláǹsì léraléra torí pé wọ́n fẹ́ pa ara wọn. Ọlọ́pàá á máa mọ ohun tó wà nínú fáìlì wọn, tí ìpè yẹn ò bá sì dín kù, wọ́n lè fi ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ń kú lọ o! Ètò yẹn sì gbilẹ̀ dé ọsibítù tó pọ̀, àwọn ọ̀gá ń yìn ín pé ó ń dín owó kù. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ló dìde sí i ní April 2021, StopSIM ni wọ́n pe ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fi orúkọ hàn, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n gba ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n ò jẹ́ káwọn ọ̀gá sinmi, títí NHS England, àjọ tó ń bójú tó ọsibítù ìjọba níbẹ̀, fi kọ̀wé sáwọn ọsibítù ní March 2023 pé ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ sí lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ìtọ́jú tí kì í ṣe pàjáwìrì, pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìjìyà halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fawọ́ ìtọ́jú sẹ́yìn.

Obìnrin kan tún wà tó ń jẹ́ Aji Lewis. Ọmọ ẹ̀, Olaseni, ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ, ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù ọpọlọ ní London ní 2010. Ọlọ́pàá 11 ló dì í mọ́lẹ̀ nínú ọsibítù yẹn, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ó di 2017 kí ìgbìmọ̀ kóòtù tó sọ ọ́ jáde pé agbára tí wọ́n lò fún un ti pọ̀ jù. Ìyá yẹn ò jókòó sílé o, òun àti bàbá ọmọ náà ń jà títí tí òfin fi jáde ní 2018, Seni's Law làwọn èèyàn ń pè é, ọlọ́pàá tó bá wọ ibi ìtọ́jú ọpọlọ lọ ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà sáyà.

Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwa níbí. Orí bẹ́ńṣì ibi tá a ti ń dúró de dókítà lọ́jọ́ kílíníìkì lọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kálukú ń sọ tẹ́ṣàn tí wọ́n gbé òun lọ. A wá kọ ìwé kan jáde, ojú ìwé kan péré, Yorùbá la fi kọ ọ́. Kálukú máa kọ orúkọ oògùn ẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pè, ohun tó máa ń mú ọkàn òun balẹ̀, ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe sí òun. Tèmi, mo kọ ọ́ pé ẹ má so mí, ẹ má tan iná tó mọ́lẹ̀ jù sí mi, ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi lómi. A gbé e lọ sí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Bàbá onílé kan dìde, ó ní, ṣé tó bá mú àdá lọ́wọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè gidi ni, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ẹ̀. Mo ní, Bàbá, tó bá jẹ́ pé àdá wà níbẹ̀, kí ọlọ́pàá wá torí àdá, kó gba àdá, kó máa lọ, kí nọ́ọ̀sì àti ẹbí ló bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò mú àdá, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò mú nǹkankan lọ́wọ́, ẹkún là ń sun tàbí à ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Bàbá ní ó yé òun, àmọ́ ta la fẹ́ máa pè láago méjì òru? Òótọ́ ló sọ. Láti ibí dé ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Yaba, ká tó kọjá Mile 12 àti Ketu, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ohun tá à ń bèèrè báyìí nìyẹn, nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan tó máa wà lórí iṣẹ́ lóru nítòsí wa, tó máa lè bá áńbúláǹsì jáde. Kó tó dìgbà náà, tẹ́ ẹ bá pe 112 tàbí 767, ẹ sọ ọ́ kó ṣe kedere pé aláìsàn ni, áńbúláǹsì lẹ fẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìjà.

CDA ti ní ká lẹ ìwé wa mọ́ pátákó wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Igbogbo, Ijede, Imota, tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ níbí, màá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Kẹ́ ẹ kọ tiyín nígbà tára bá yá, kẹ́ ẹ sì fún ará ilé méjì, torí ẹnì kan lè má sí nílé.